Ẹ Jẹ́ Kí Aṣọ Ẹgbẹ́ Dúró Ná

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò kí ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀ tó dé. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ìgbìmọ̀ aláṣẹ mú àbá wá pé kí a fi owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ ra àǹkárá fún Ọjọ́ Àṣà, kí gbogbo wa lè yọ bí ọmọ ìyá kan náà lójú àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Àbá náà kò burú. Ta ni kò fẹ́ràn aṣọ? Ṣùgbọ́n àwa mẹ́ta kan dìde lọ́jọ́ náà, a ní kí aṣọ dúró ná. A ní kí a fi owó yẹn ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tó jẹ́ àlòkù, àti hard disk kan, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ máa pàdé nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí a máa fi ọwọ́ ara wa kọ́ sọ́fítíwíà node Bitcoin láti inú kóòdù orísun rẹ̀. Ariwo ta. Ẹnì kan béèrè bóyá ẹgbẹ́ Yorùbá ti di ẹgbẹ́ Yahoo. Ẹlòmíràn ní ṣé ibi tí ebi ti ń pa ọmọ ilé ìwé ni a ti fẹ́ máa kọ́ ohun tí kò ṣeé jẹ. Kí a tó lè fèsì, iná lọ, olúkúlùkù sì wá ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbé kálàmù.

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ló ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ti ibi àjọ bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Mile 1 àti Mile 3 ní káàdì kékeré nínú àpò wọn. Alájọ ní ìwé tirẹ̀. Bí alájọ bá gba owó òòjọ́, á fa ìlà sórí káàdì, á fa ìlà sínú ìwé. Bí oṣù bá parí tí méjèèjì bára mu, àlàáfíà ni. Bí wọn kò bá bára mu, ìwé ta ni a ó gbà gbọ́? Àwọn àgbà a máa kan sáárá sí ọlọ́pọlọ pípé pé orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n alájọ mélòó ló ní irú orí yẹn, àti pé nínú àwọn tó tiẹ̀ ní i, mélòó ni kò ní gbé owó ọjà sá lọ lóru ọjọ́ kan?

Ẹ wá fi ojú inú wo ọjà kan tí kò ti sí alájọ rárá. Gbogbo ẹni tó bá wù ní ìwé kan náà lọ́wọ́. Nígbà tí ẹnì kan bá san owó fún ẹnì kejì, gbogbo wọn ni yóò gbọ́, gbogbo wọn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń sanwó ní owó náà ní tòótọ́, gbogbo wọn ni yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọn yóò di àkọsílẹ̀ tuntun pọ̀, wọn yóò so ó mọ́ ti ìṣáájú, débi pé ẹni tó bá fẹ́ yí ìlà àná padà gbọ́dọ̀ tú gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní block, gbogbo rẹ̀ tí a so pọ̀ ni blockchain. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto kọ èrò yìí jáde ní 2008, ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ sì wáyé ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 2009. Node ni kọ̀ǹpútà tó di irú ìwé bẹ́ẹ̀ mú tó sì ń yẹ ìlà rẹ̀ wò. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: yíyẹ̀wò. Ẹni tó kàn ń da ìwé ẹlòmíràn kọ kì í ṣe node.

Níbo wá ni àwa ọmọ ilé ìwé dúró sí nínú ọjà yìí? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Láti Choba títí dé Alakahia, ó ṣòro kí èèyàn wọ yàrá kan tí kò ti rí ẹni tó ń ta USDT tàbí tó ń ṣọ́ iye Bitcoin lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí fóònù wa kì í ṣe ìwé àjọ, fèrèsé lásán ni. Áàpù náà ń bi kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn léèrè, ó sì ń sọ ohun tí wọ́n bá sọ fún un fún wa. Bí onítọ̀hún bá purọ́, irọ́ náà ni a ó gbà. Nígbà tí FTX dojú dé ní oṣù kọkànlá 2022, àwọn èèyàn tí owó wọn ṣì hàn gbangba lójú fóònù ni wọn kò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan ńkọ́, tó wa áàpù kan tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp? Ó jọ ojúlówó tọ̀nà tọ̀nà, àmì rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Owó ilé ìwé rẹ̀ fún sáà kejì ló wọ inú rẹ̀ tí kò jáde mọ́. A kò mọ ẹni tó ṣe áàpù náà títí di òní. Bí ó bá tiẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó lò ó, kò sí ọ̀nà tí ì bá gbà mọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kóòdù orísun ti wọlé. Gbogbo sọ́fítíwíà ló ní ojú méjì. Ojú kìíní ni èyí tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ kọ, tí ẹni tó bá kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè kà. Ojú kejì ni èyí tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní compiler ti lọ̀ kúnná, tí kọ̀ǹpútà lè lò ṣùgbọ́n tí ojú èèyàn kò lè kà. Ó dà bí ata tí àwọn onibọ̀lì ìlú yìí ń bù sórí ẹja. (Àwọn ìbátan wa ní Ìbàdàn kò tíì dẹ́kun fífi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ń fi ẹja jẹ bọ̀lì dípò ẹ̀pà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.) Bí ata náà bá ti délẹ̀, ta ló lè sọ iye èròjà tó wà nínú rẹ̀? Àyàfi ẹni tó wà nídìí ọlọ nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. Kíkọ́ sọ́fítíwíà láti orísun túmọ̀ sí pé kí á gba èròjà, kí á wò wọ́n, kí á sì lọ̀ wọ́n fúnra wa.

Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó kọjá, àwa mẹ́ta ṣe é nínú yàrá kan ní Alakahia. Laptop náà kì í ṣe tuntun. Linux ló wà lórí rẹ̀. A fi git fa ìwé orísun Bitcoin Core wálẹ̀ láti GitHub, dátà tó jẹ kò sì tó ti ẹni tó wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Èdè C++ ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A yan ẹ̀yà tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ti fọwọ́ sí, a kò mú èyí tí wọ́n ṣì ń tún ṣe lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni a kó èròjà jọ: compiler, CMake, Boost, libevent, àti SQLite fún ẹni tó bá fẹ́ kí àpò owó wà nínú rẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ yóò sọ fún yín pé kí ẹ pe autogen, configure àti make. Èyí jẹ́ òótọ́ títí di ẹ̀yà 28. Láti ẹ̀yà 29, tó jáde ní oṣù kẹrin 2025, ọ̀dọ̀ CMake ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe da ara yín láàmú láti máa wá configure tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀jẹun ni compiler C++. Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn fúnra rẹ̀ ní kí RAM tó ṣófo tó 1.5 GB, ó kéré tán. Nítorí pé ẹ̀rọ wa kò ní agbára, a ní kó máa ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má ṣe mẹ́rin pọ̀. Ìlà ń yọ lójú ẹ̀rọ, ó ń ka iye rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, a jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ àmàlà lórí iná. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, bátìrì laptop náà kò sì gbé nǹkan kan. Ohun tó dùn mọ́ wa ni pé nígbà tí iná padà dé, kò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti dé ló ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó parí, a ní kó dán ara rẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn ìdánwò tí wọ́n kọ mọ́ ọn, ó yege, a sì gbé e sí ipò rẹ̀. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ: bitcoind. Ó ti di tiwa.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni a fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ rí, nítorí òun gan-an ló mú kí a dìde ní ìpàdé. Bitcoin Core ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní regtest, níbi tí èèyàn ti lè dá ọjà tirẹ̀ sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, láì lo íntánẹ́ẹ̀tì, láì ná kọ́bọ̀. Owó ibẹ̀ kò ní iye níta, bí owó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni. A gbé node mẹ́ta dìde, a so wọ́n pọ̀. A ṣẹ̀dá ìdìpọ̀ 101, nítorí òfin ni pé ẹ̀bùn inú ìdìpọ̀ kan kò ṣeé ná títí 100 mìíràn yóò fi gun orí rẹ̀. Node kìíní sì ní owó 50 tó ṣeé ná. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀.

A wá ṣí fáìlì tó ń jẹ́ validation.cpp nínú ẹ̀dà orísun kejì. Níbẹ̀ ni òfin ẹ̀bùn wà, nọ́ńbà 50 hàn gedegbe. A pa 50 rẹ́, a kọ 500. A tún un kọ́, a sì fi èyí tí a kọ́ lọ́tun rọ́pò node kìíní. A ní kó ṣẹ̀dá ìdìpọ̀ kan. Ó ṣẹ̀dá rẹ̀, ó kọ 500 sínú ìwé ara rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Àwọn méjì yòókù ńkọ́? Wọ́n gba ìdìpọ̀ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dà á nù. Nínú àkọsílẹ̀ wọn ni wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí ní ọ̀rọ̀ kúkurú kan: bad-cb-amount. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí gómìnà báǹkì, kò sí ààrẹ ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ méjì tí wọ́n di òfin mú kọ̀ láti gba ẹ̀rọ kan tó fẹ́ fi ìrọ̀rùn lówó. Àwa náà kò dáwọ́ dúró. A yí òfin àwọn méjì yòókù sí 500 bákan náà, gbogbo wọn sì gbà láìjiyàn. Ìdákẹ́jẹ́ bá wa nínú yàrá náà. Gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ fún wa pé Bitcoin kò lè ju mílíọ̀nù 21 lọ, kì í ṣe ọ̀run ni wọ́n ti kọ ọ́ wá. Ó wà bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni wọ́n ń lo sọ́fítíwíà tó ní bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì fẹ́ yí i.

Kì í sì ṣe eré ọmọdé nìkan ni èyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2010, ẹnì kan rí ihò nínú ìṣirò sọ́fítíwíà náà, ó sì ṣẹ̀dá Bitcoin tó ju bílíọ̀nù 184 lọ láti inú afẹ́fẹ́, nínú ìdìpọ̀ 74638. Àwọn tó ń ṣọ́ ìwé rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Satoshi tún kóòdù orísun ṣe láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn èèyàn gba àtúnṣe náà, wọ́n gbé ẹ̀yà tuntun sórí ẹ̀rọ wọn, ìwé tí kò ní èérí sì gùn ju ti ayédèrú lọ. Bí ó bá jẹ́ pé fèrèsé lásán ni gbogbo wọn ní nígbà náà, ta ni ì bá kọ̀?

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òkèèrè ni gbogbo èyí, kó rántí oṣù kẹwàá 2020. Àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà jáde pé kí ìjọba fòpin sí SARS, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n máa ń dá ọ̀dọ́ tó bá gbé laptop dúró lójú pópó. Ní ìlú wa níbí, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé kò sí àyè fún ìwọ́de. Àwọn ọ̀dọ́ Port Harcourt jáde bí wọ́n ti fẹ́. Ẹgbẹ́ Feminist Coalition, tí Damilola Odufuwa àti Odunayo Eweniyi dá sílẹ̀ lọ́dún náà pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn, ń kó owó jọ fún oúnjẹ, ìwòsàn àti agbẹjọ́rò. Nígbà tí ọ̀nà báǹkì dí mọ́ wọn, BTCPay Server ni wọ́n fi gba ọrẹ ní Bitcoin. Ẹ wo ohun tí BTCPay Server jẹ́: sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí kóòdù orísun rẹ̀ wà ní gbangba, tí ẹni tó bá fẹ́ lò ó lè gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú node Bitcoin lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀gá kan láàárín tí wọ́n lè pè lórí fóònù pé kó ti ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin tí a ń sọ yìí kò ju ẹ̀gbọ́n wa lọ ní ọjọ́ orí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2021, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì ẹni tó bá ń ṣòwò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejìlá 2023 ni wọ́n tó dẹ àṣẹ náà. Ní 2025 ni òfin tuntun lórí ìdókòwò wá ka irú ohun ìní bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí àjọ SEC yóò máa bójú tó. Òfin yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì láàárín ọdún díẹ̀. Kóòdù tí èèyàn lè kà kò yí padà nítorí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí àwọn tó ń takò wá, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní iná kò sí, dátà wọ́n. Òótọ́ ni. Gbogbo ìwé Bitcoin láti 2009 ti ju 600 GB lọ, kò sì sí ọmọ ilé ìwé tó lè fi owó oúnjẹ rẹ̀ fa ìyẹn wálẹ̀. Bí iná bá sì lọ lójijì nígbà tí node ń kọ̀wé lọ́wọ́, ìwé náà lè bàjẹ́ débi pé yóò ní láti tún gbogbo rẹ̀ tò. Ṣùgbọ́n regtest tí a sọ lókè kò jẹ dátà kankan, a sì lè kẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ní ti ìwé ńlá náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí ẹgbẹ́ fà á wálẹ̀, lórí hard disk tó bá tó o. Láti ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè da ìdìpọ̀ wọ̀nyẹn kọ sórí disk tirẹ̀ bí ẹni bu omi nínú kànga ìlú, kó sì ní kí node tirẹ̀ yẹ gbogbo rẹ̀ wò láti ojú ìwé kìíní. Kò ní láti gba ẹgbẹ́ gbọ́. Ẹni tí disk rẹ̀ kéré lè ní kí node máa gé ìwé àtijọ́ dànù lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ìdìpọ̀ tó ń tọ́jú má ju bí 550 MB lọ.

Àwọn kan ní kí ló dé tí a kò kúkú wa èyí tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀, ṣebí òun náà wà lọ́fẹ̀ẹ́? Ó wà, kò sì burú. Àwọn èèyàn ní oríṣiríṣi ibi a máa kọ́ ọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a fi àbájáde wọn wéra bóyá ó dọ́gba délẹ̀, wọn a sì buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá wa á láì fi àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ wé èyí tí wọ́n buwọ́ lù, ó dà bí ẹni tó gba owó nínú òkùnkùn láì kà á. A gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ náà kí ẹ má baà pè wá ní oníwàásù: kíkọ́ láti orísun kì í ṣe oògùn. Ní oṣù kẹta 2024, Andres Freund rí i pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó tọpa rẹ̀, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú XZ Utils, sọ́fítíwíà tí Linux káàkiri ayé ń lò. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà ti fi ọdún bíi méjì ṣe ọmọ dáadáa láàárín àwọn olùtọ́jú rẹ̀. Kókó ohun tó ń tú májèlé náà sílẹ̀ kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ gbangba lórí git. Inú ìdì orísun tí wọ́n gbé jáde fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó kọ́ ọ láti inú ìdì yẹn jẹ ẹ́ pẹ̀lú ata. Ken Thompson ti kìlọ̀ láti 1984 pé compiler fúnra rẹ̀ lè ní àrùn tí kò hàn nínú ìwé orísun kankan. Kí wá ni èrè rẹ̀? Èrè rẹ̀ ni pé Freund mọ bí nǹkan ṣe yẹ kó rí, ìdí nìyẹn tí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá fi tó o láti fura. Ẹni tí kò tíì kọ́ nǹkan kan rí, kí ni yóò fi fura?

Ẹ̀sùn tó dùn wá jù ni pé ẹgbẹ́ àṣà ni wá, pé kí a fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ẹ̀ka tó ni ín. Àwa tí a dàgbà sí ìlú yìí, a mọ ọ̀nà Rumuokoro ju ọ̀nà Mọ́kọ́lá lọ. Inú ilé ni a ti gbọ́ Yorùbá. Bí a bá ti ju ẹsẹ̀ kan síta, pidgin ni. Aṣọ kò lè ṣe Yorùbá wa fún wa. Nínú yàrá Alakahia yẹn, a jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́ lórí ohun tí à bá pe node ní Yorùbá. Ọ̀kan nínú wa ní olùṣọ́wèé, èkejì ní ẹlẹ́rìí ọjà, ẹ̀kẹta ní kí a fi node sílẹ̀ bó ti wà, kí àwọn ará ilé má rò pé orí wa ti dàrú. A kò parí ìjà náà. Ṣùgbọ́n a kò tíì sọ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, lórí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ tàbí òfófó. Àbá wa ni pé kí ìwé ìtọ́sọ́nà kíkọ́ node, ní Yorùbá, jẹ́ ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò gbé síta ní Ọjọ́ Àṣà, kí ẹ̀rọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Ikwerre, Kalabari àti Ogoni wá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sì bi wá ní ìbéèrè.

Ọ̀nà tí a fẹ́ tọ̀ yìí kì í ṣe igbó tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Ní oṣù kejì 2021, Jack Dorsey àti Jay-Z ya Bitcoin 500 sọ́tọ̀ fún àjọ kan tó ń jẹ́ Btrust, kí wọ́n fi kọ́ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà Bitcoin, ní Áfíríkà ṣáájú. Ọmọ Nàìjíríà ni Abubakar Nur Khalil, ọ̀kan nínú mẹ́rin tí wọ́n yàn sí ìgbìmọ̀ rẹ̀ lọ́dún náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi ọwọ́ kún kóòdù Bitcoin Core. Àjọ náà ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, kíkọ́ láti orísun ni òkúta ìlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó lè tún kóòdù tí kò lè kọ́ ṣe.

A kò ní kí ẹgbẹ́ ra Bitcoin. A kò ní kí ẹnikẹ́ni mú owó rẹ̀ wá fún òwò, bí ẹnikẹ́ni bá sì dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà, kí ẹ lé e jáde. Gbogbo wa ló rántí bí MMM ti ti àkáǹtì pa ní oṣù kejìlá 2016, àti ẹkún tí CBEX dá sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Àwọn wọ̀nyẹn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú ìkòkò wọn. Ohun tí a ń béèrè ni kọ̀ǹpútà kan tó ní RAM 8 GB, disk 1 TB, àti àyè nínú ilé kan tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ jù, wákàtí mẹ́ta ní Sátidé. Iye tí yóò ná ẹgbẹ́ wà nínú ìwé tí a fún akápò. Kò tó owó aṣọ, ìyókù yóò sì ra fìlà àti gèlè fún àwọn tó máa jó lórí pèpéle.

Ìpàdé ni yóò dá ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó tako tiwa, kó kọ ọ́ sí olóòtú kí ìwé ìròyìn yìí tó tún jáde. Ẹni tó bá sì ní hard disk tó ti jókòó sínú àpótí láti ọjọ́ pípẹ́, kó jọ̀wọ́ mú un dání lọ́jọ́ ìpàdé.